Kímónò Kò Tíì Kú Ní Ilẹ̀ Jàpáànù

Ní ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kìíní ọdọọdún, ẹni tí ó bá dúró sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Tokyo, tàbí ní ìlú ńlá mìíràn ní ilẹ̀ Jàpáànù, yóò rí ohun tí yóò mú un tún ojú nù. Yóò rí àwọn ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún, tí wọ́n ń rìn ní mẹ́ta-mẹ́ta àti ní mẹ́rin-mẹ́rin, tí wọ́n wọ aṣọ ṣẹ́dà olódòdó tí apá rẹ̀ gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọrùn ẹsẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀já fífẹ̀ di ara, tí wọ́n sì ń gbẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí pé aṣọ náà kò gba ìgbésẹ̀ gbọọrọ. Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ń lọ, níbi tí àwọn aláṣẹ ìlú yóò ti kí wọn káàbọ̀ sí ipò àgbà. Òfin ọdún 1948 ni ó sọ ọjọ́ ayẹyẹ yìí di ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ọdún 2022 ni òfin mìíràn ti ka ẹni ọdún 18 sí àgbà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ṣì ń dúró de ogún ọdún kí wọ́n tó ṣe ayẹyẹ náà.

Kí òǹkàwé wa rántí pé àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí kì í ṣe ẹni tí ayé fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ń sáré lójú títì wa. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé wọn kò mọ ọ̀nà ayé òde òní. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí kímónò, aṣọ àwọn baba ńlá wọn, kò tíì kú láàárín wọn? Àwọn kan ń wí pé agídí ni. Àwọn mìíràn ń wí pé ẹwà aṣọ náà ni. Èrò tiwa ni pé ẹwà nìkan kò lè gba aṣọ lọ́wọ́ ikú. Ọwọ́ àwọn tí ń hun ún, tí ń pa á láró, tí ń rán an, tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọ wọn bí a ti ń wọ̀ ọ́, ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Bí ọwọ́ wọ̀nyí bá ń rọ, ewu ti dé, àní bí ọjọ́ àríyá tilẹ̀ kún fún aṣọ títàn.

Ìtumọ̀ kímónò ní èdè wọn kò ju ohun wíwọ̀ lọ. Ìgàn aṣọ kan ṣoṣo, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 37, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí mítà 12, ni a fi ń rán ọ̀kan fún àgbàlagbà. Ní ìlà gbọọrọ ni aránṣọ ń gé e: méjì fún ara, méjì fún apá, méjì fún iwájú, àti ti ọrùn. Kò sí àjákù tí a ń dànù. Bí aṣọ bá dọ̀tí tàbí bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣá, a lè tú gbogbo ojú rírán rẹ̀, kí a fi í ṣe ìgàn padà, kí a fọ̀ ọ́, kí a tún un pa láró, kí a sì tún un rán fún ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ. Apá òsì ni ó gbọ́dọ̀ borí apá ọ̀tún. Òkú nìkan ni a ń wọ̀ ọ́ fún ní òdìkejì. Ọ̀já tí wọ́n fi ń dì í, obi ni wọ́n ń pè é, kí òǹkàwé má sì rò pé obì tí à ń pa ni. Apá gígùn jẹ́ ti wúńdíá, apá kúkúrú jẹ́ ti abilékọ. Aṣọ onítẹ̀ẹ́lẹ̀ wà fún ìgbà òtútù, aláìnítẹ̀ẹ́lẹ̀ wà fún ìgbà ooru, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n wọ̀ kì í ṣi òdòdó ìgbà kan wọ̀ ní ìgbà mìíràn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

Nígbà tí Perry, ọ̀gágun ojú omi ti Amẹ́ríkà, kó ọkọ̀ ogun dé etíkun wọn lọ́dún 1853, irú aṣọ yìí ni tọmọdé tàgbà ń wọ̀. Lọ́dún 1858, a fi àdéhùn tí kò dọ́gba dè wọ́n. Àlejò tí ó bá ṣẹ̀ ní ilẹ̀ wọn kì í dúró níwájú adájọ́ wọn, wọn kò sì ní àṣẹ láti pinnu iye owó ibodè tí wọn yóò gbà lórí ọjà tí ń wọlé. Àwọn aṣáájú tí wọ́n gba ìjọba ní orúkọ Ọba Meiji lọ́dún 1868 mọ̀ dájú pé ojú ẹni tí kò lajú ni a fi ń wo àwọn. Lọ́dún 1871, ìjọba fàyè gba àwọn ọkùnrin láti gé irun òṣù orí wọn. Lọ́dún 1872, aṣọ òyìnbó di aṣọ ayẹyẹ fún àwọn ìjòyè ní ààfin. Lọ́dún 1873, ọba fúnra rẹ̀ gé irun rẹ̀, ó sì ya àwòrán nínú aṣọ ológun ti òyìnbó. Nígbà tí ó di ọdún 1883, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn kan tí a ń pè ní Rokumeikan sí Tokyo, níbi tí àwọn mínísítà àti àwọn aya wọn ti ń bá àlejò jó ijó òyìnbó. Àwọn àlejò mìíràn rẹ́rìn-ín wọn.

Àwa kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Ènìyàn tí ó ń bá ẹjọ́ lọ níwájú adájọ́ tí kò kà á sí a máa wá irú aṣọ tí adájọ́ náà bọ̀wọ̀ fún. Àwọn ará Jàpáànù kò sì fi aṣọ nìkan gba ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n ṣe òfin tuntun, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́, wọ́n sì tún ẹgbẹ́ ọmọ ogun tò. Lọ́dún 1894, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti fi àgbára ilé ẹjọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1911, owó ibodè bọ́ sí ìkáwọ́ àwọn onílẹ̀ pátápátá. Ní gbogbo àkókò wọ̀nyí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ń wọ kóòtù lọ sí ibi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, tí ó sì ń wọ kímónò nígbà tí ó bá padà délé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún aṣọ kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì lé èyíkéyìí kúrò nílé.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ní oṣù kìíní ọdún 1887, Ayaba Haruko, ẹni tí a ń pè ní Shōken lẹ́yìn tí ó wàjà, fi ìwé kan síta lórí aṣọ àwọn obìnrin. Ó gba àwọn obìnrin níyànjú láti wọ aṣọ òyìnbó, nítorí pé ó rọrùn fún iṣẹ́ àti fún ìrìn. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kí wọ́n fi aṣọ tí a hun nílé rán an, kí iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wọn lè tẹ̀síwájú. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ayaba mọ̀ pé ìrísí aṣọ lè yí padà láìṣe ìpalára ńlá, bí owó aṣọ náà bá ṣì ń wọ àpò ahunṣọ ilẹ̀ náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nishijin jẹ́ ẹ̀rí sí i. Nishijin ni àdúgbò àwọn ahunṣọ ní ìlú Kyoto, orúkọ náà sì wá láti inú ogun ọdún 1467 sí 1477, nígbà tí àwọn ọmọ ogun apá ìwọ̀-oòrùn tẹ̀dó síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àwọn ni wọ́n ń hun aṣọ fún ààfin. Nígbà tí ọba kó lọ sí Tokyo, ọjà wọn kú. Wọn kò jókòó kí wọ́n máa sunkún. Lọ́dún 1872, a rán ènìyàn mẹ́ta láti Kyoto lọ sí ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ Jacquard, èyí tí ń fi páálí oníhò darí òwú kí iṣẹ́ ọnà lè jáde lára aṣọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wálé, ọ̀já kímónò ni wọ́n sì fi ń hun. Ní ọdún 1872 kan náà ni ìjọba dá ilé iṣẹ́ ìrànwú ṣẹ́dà sílẹ̀ ní Tomioka, lábẹ́ ìtọ́ni Paul Brunat, ará Faransé, kí a lè kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ náà ní iṣẹ́, kí wọ́n sì lọ kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ àjòjì wá di ìránṣẹ́ aṣọ onílẹ̀.

Àwọn àjálù ńlá dé lẹ́yìn èyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo àti Yokohama, iná sì jó ìlú. Ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ni ó kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ òyìnbó sí i. Lọ́dún 1940, nígbà ogun, ìjọba fi òfin de ṣíṣe àti títa ohun fàájì, aṣọ ṣẹ́dà olówó iyebíye sì wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin bọ́ sínú ṣòkòtò iṣẹ́ tí a ń pè ní monpe, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tú kímónò tí ìyá wọn fi sílẹ̀ láti fi rán an. Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1945 tí ebi sì ń pa ìlú, àwọn ìyá ń ru aṣọ wọn lọ sí oko láti fi gba ìrẹsì lọ́wọ́ àgbẹ̀. Wọ́n fi ìgbésí ayé yẹn wé ọ̀mùnú ọparun tí à ń bó ní èèpo kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kù díẹ̀. Aṣọ tí ìyá-ńlá wọ̀ níjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ di oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan fún ọmọ-ọmọ. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi?

Àdánù tí ó pọ̀ jù kò sí nínú aṣọ tí wọ́n fi gba ìrẹsì. Ìran kan dàgbà tí ìyá kò kọ́ ọmọ bí a ti ń di ọ̀já. Nígbà tí owó padà dé lẹ́yìn ọdún 1960, àwọn obìnrin ra kímónò, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ ọ́n wọ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń gba owó láti kọ́ni ní aṣọ wíwọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ohun tí à ń kọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá lọ́fẹ̀ẹ́ di ohun tí à ń rà. Èyí pamọ́ kúrò lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n àwa kà á sí ọgbẹ́ tí kò tíì jinná.

A gbọ́dọ̀ yin ìjọba wọn fún ohun tí ó ṣe. Lọ́dún 1950, wọ́n ṣe òfin láti dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kì í sì í ṣe ilé àti ère nìkan ni òfin náà kàn, ó kan ìmọ̀ tí ó wà ní ọwọ́ ènìyàn pẹ̀lú. Láti ọdún 1955 ni wọ́n ti ń yan àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, tí àwọn ará ìlú ń pè ní ìṣúra orílẹ̀-èdè tí ó wà láàyè. Moriguchi Kakō jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Yūzen ni iṣẹ́ rẹ̀, èyíinì ni kí a fi àpòpọ̀ ìrẹsì dí ojú aṣọ kí aró má baà wọ ibi tí a kò fẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláàdìrẹ wa ní Abẹ́òkúta ti ń fi ẹ̀kọ láfún ṣe tiwọn. Lọ́dún 1967 ni a fi oyè náà dá a lọ́lá. Lọ́dún 2007, a fi irú oyè kan náà dá Kunihiko, ọmọ rẹ̀, lọ́lá. Nígbà tí orílẹ̀-èdè bá pe aláró ní ìṣúra, ọmọ aláró kò ní tijú láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ baba rẹ̀.

Àwọn ènìyàn pàtàkì wọn náà kò sì fi aṣọ yìí pamọ́ lójú ayé. Nígbà tí Kawabata Yasunari lọ gba ẹ̀bùn Nobel fún ìwé kíkọ ní Stockholm lọ́dún 1968, aṣọ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó wọ̀ dúró láàárín àwọn tí wọ́n wọ aṣọ ayẹyẹ òyìnbó. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2019, Ọba Naruhito wọ aṣọ ààfin àtayébáyé níjọ́ tí ó kéde ìgorí-ìtẹ́ rẹ̀, Ayaba Masako sì wọ aṣọ alápòópọ̀ tí a ń pè ní aṣọ ìlọ́po méjìlá. Ní ọdún yẹn kan náà, Kim Kardashian, obìnrin olókìkí ará Amẹ́ríkà, fẹ́ fi orúkọ kímónò ta àwọ̀tẹ́lẹ̀. Daisaku Kadokawa, ẹni tí ó jẹ́ mẹ́yọ̀ ìlú Kyoto nígbà náà, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ mọ́ kímónò wíwọ̀, kọ̀wé sí i pé orúkọ náà jẹ́ ogún gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn aṣọ yìí, kò yẹ kí ẹnì kan dá a ní. Obìnrin náà yí orúkọ ọjà rẹ̀ padà. Kò sí ìbọn, kò sí èébú. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀, a sì gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Aṣọ náà wà, ọwọ́ tí ń ṣe é ń dínkù. Lọ́dún 1929, ìdílé tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì ni ó ń sin kòkòrò ṣẹ́dà ní Jàpáànù. Lónìí wọn kò tó 300. Láti òkèèrè, pàápàá láti ilẹ̀ Ṣáínà àti Brasil, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú òwú ṣẹ́dà tí wọ́n ń lò ti ń wá. Ní nǹkan bí ọdún 1980, owó tí a ń ná lórí kímónò lọ́dún kan ju tírílíọ̀nù kan owó yẹ́nì lọ. Ti ìsinsìnyí kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ní Nishijin, àwọn àgbà ni ó pọ̀ jù nídìí òfì, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kan a máa gba ọwọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kọjá, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan ṣoṣo tí ń ṣe irinṣẹ́ kan bá kú láìní ọmọṣẹ́, gbogbo ìlà náà dúró.

Kí ni ó fa èyí? Wọ́n sọ aṣọ ojoojúmọ́ di aṣọ ọjọ́ ńlá. Àwọn oníṣòwò rí i pé èrè pọ̀ lórí aṣọ ìgbéyàwó àti aṣọ ayẹyẹ, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí èyí tí òṣìṣẹ́ lè rà. Kímónò ṣẹ́dà tuntun pẹ̀lú ọ̀já rẹ̀ wá lè gba owó oṣù òṣìṣẹ́ kékeré fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà ni àwọn òbí ṣe ń yá a fún ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún 2018, tí í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ àgbà, ilé iṣẹ́ ayánilaṣọ kan tí ó fìdí sọlẹ̀ sí Yokohama ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ lójijì lẹ́yìn tí ó ti gba owó. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin jí ní òwúrọ̀ kùtù, wọn kò rí aṣọ wọ̀. Àwọn oníṣòwò aláàánú sáré yá díẹ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì padà sílé pẹ̀lú omijé. Bí ó bá jẹ́ pé aṣọ wà nínú àpótí ìyá ẹni, tí ìyá sì mọ̀ ọ́n wọ̀ fún ọmọ, kò sí ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni lè tì tí yóò ba ọjọ́ náà jẹ́.

Àwọn tí ń tún ọ̀nà ṣe wà, inú wa sì dùn sí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ń ra kímónò àlòkù ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ jẹun, wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ wo eré. Àwọn mìíràn ń rán èyí tí a lè fọ̀ nílé. Yukata, kímónò òwú tí ó fúyẹ́, kò fi ìgbà kan kúrò níbi ọdún ìgbà ooru àti níbi tí wọ́n ti ń wo iná aláràbarà lójú ọ̀run. Àwọn onígídígbò sumo kò sì gbọdọ̀ jáde síta láìwọ aṣọ ilẹ̀ wọn. Lójú tiwa, àwọn wọ̀nyí ń ṣe iṣẹ́ tí ó tó ti ààfin, nítorí pé aṣọ tí a ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé kò lè bọ́ ahunṣọ láti ọdún dé ọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí òǹkàwé ti lè rò lọ. Lẹ́yìn ọdún 1930, aṣọ òwú olówó pọ́ọ́kú tí ẹ̀rọ àwọn ará Jàpáànù hun wọ àwọn ọjà wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òfin lọ́dún 1934 láti dín iye tí ó lè wọ Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí ó ń ṣàkóso kù. Ààbò fún àwọn ilé iṣẹ́ Lancashire ni òfin náà wà fún. Kì í ṣe nítorí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ni a fi ṣe é. Àjòjì méjì ń jà sí ọjà wa, onílé ń wòran. Àwọn tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ tà fún wa nígbà náà kò jẹ́ kí òfì Nishijin dákẹ́ nílé tiwọn. Ẹ̀kọ́ ni èyí, bí ó tilẹ̀ korò.

Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ará Jàpáànù ní aṣọ tuntun ti gbogbo ayé, wọ́n sì tún ní àkísà: aṣọ tí a tú, tí a fọ̀, tí a tún rán láti ìran dé ìran. Kóòtù kò bà wọ́n jẹ́. Ohun tí ó lè bà wọ́n jẹ́ ni kí ọjọ́ kan dé tí ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún yóò wọ aṣọ títàn lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, tí kò sì ní sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ilẹ̀ náà tí ó lè hun irú rẹ̀.

Nítorí náà, àwa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ilẹ̀ òkèèrè náà, a sì ń sọ ọ́ sí etí ara wa pẹ̀lú: ẹ má ṣe yọ̀ nítorí aṣọ tí ẹ rí níjọ́ ọdún kí ẹ tó béèrè ẹni tí ó hun ún, iye tí a san fún un, àti ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí bá dára, aṣọ náà yóò bá ọmọ-ọmọ wa láyé.